Lórí ọ̀rọ̀ ‘àdánwò’: èsì sí ẹ̀gbọ́n wa tó ń gbé Ọ̀yọ́

Ẹ̀yin ará, mo kí gbogbo yín.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni ẹ̀gbọ́n wa tó ń gbé Ọ̀yọ́ dá a lábàá pé kí á mú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ‘àdánwò’, kí á máa fi pe gbogbo iṣẹ́ ìwádìí sáyẹ́ǹsì. Wọ́n ní kí ‘àdánwò-inú’ jẹ́ ti àwọn onímọ̀ físíìsì tó ń fi ìrònú àti ìṣirò wá òfin tí ayé ń tẹ̀ lé, kí ‘àdánwò-iye’ jẹ́ ti ẹ̀ka ìṣirò tó ń fi kọ̀ǹpútà wá ìdáhùn tí kò ṣe é kọ tán, kí ‘àdánwò-ara’ sì jẹ́ ti ìwádìí tí àwọn dókítà ń ṣe lára aláìsàn. Ìdí tí wọ́n fi lélẹ̀ ni pé ẹ̀ka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti ń pàdé nínú iṣẹ́ kan náà lóde òní, nítorí náà orúkọ kan ló yẹ kí wọ́n jọ máa jẹ́. Àwọn kan ti kọ̀wé yìn wọ́n. Èmi kò fara mọ́ ọn rárá, mo sì fẹ́ kí wọ́n fún mi láàyè kí n sọ ohun tó ń bí mi nínú níbẹ̀.

Ilé là ń wò kí á tó sọ ọmọ lórúkọ. Kí ni ‘àdánwò’ ń jẹ́ lẹ́nu ẹni tó ń sọ Yorùbá lójoojúmọ́? Ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, bí ilé ẹnìkan bá jóná, tí ọmọ ẹnìkan bá sọnù, tàbí tí ọjà bá run mọ́ oníṣòwò lọ́wọ́, a ó ní àdánwò dé bá a. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́sálásí, a máa ń bẹ Ọlọ́run pé kí ó mú àdánwò fò wá ru. Mo ti túmọ̀ ìwé ìfọwọ́sí fún ìwádìí oògùn nígbà kan rí. Ẹni tó kọ́kọ́ túmọ̀ rẹ̀ kí wọ́n tó gbé e wá bá mi ti kọ ọ́ báyìí pé, ‘A pè yín láti kópa nínú àdánwò.’ Ìyá àgbàlagbà kan tí wọ́n kà á sí létí dìde lórí ìjókòó, wọ́n ní àwọn kò wá sí ilé-ìwòsàn wá gba àdánwò, pé èyí tí àwọn fi sílẹ̀ nílé ti tó. Kò sí ẹni tó lè dá wọn lẹ́bi. Yorùbá ni wọ́n gbọ́.

Ẹ̀gbọ́n wa ti mọ̀ pé a ó sọ èyí, wọ́n sì ti dáhùn ṣáájú pé à- tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà kò ní ẹ̀ṣẹ̀, nítorí pé ‘àyẹ̀wò’ náà ní à- níwájú, kò sì sí ẹni tó ń sá fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á wo mọ́fíìmù náà, ìyẹn ẹyọ ọ̀rọ̀ tó kéré jù tó ní ìtumọ̀, dáadáa. Nínú ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀, ìṣe ni ì- ń tọ́ka sí, ohun tí ìṣe náà bí ni à- ń tọ́ka sí. Ìkójọ ni iṣẹ́ ẹni tó ń kó nǹkan jọ, àkójọ ni ohun tó kó jọ. Ìgbékalẹ̀ ni ọ̀nà tí a gbà gbé nǹkan kalẹ̀, àgbékalẹ̀ ni ohun tí a gbé kalẹ̀ náà. Èdè kò tẹ̀ lé e níbi gbogbo, ‘àyẹ̀wò’ sì jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tó yà kúrò lọ́nà. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ‘dán wò’ ni pé èdè ti pín in láàárín àwọn mọ́fíìmù wọ̀nyí tipẹ́tipẹ́: ó gbé ‘ìdánwò’ fún ilé-ẹ̀kọ́, ó gbé ‘àdánwò’ fún ohun tí ojú ènìyàn ń rí láyé, ‘adánwò’ tí a- rẹ̀ ní ohùn àárín sì ṣẹ́kù fún ẹni tó ń dán nǹkan wò. Bí a bá wá bẹ̀rẹ̀ sí kọ ọ́ láìfi àmì sí i, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣe lórí fóònù, adanwo kan ṣoṣo ni ‘adánwò’, ‘àdánwò’ tí a ti mọ̀ àti ‘àdánwò’ tí ẹ̀gbọ́n wa dá lábàá yóò dà, a kò ní mọ èyí tó jẹ́ ẹni, èyí tó jẹ́ iṣẹ́, àti èyí tó jẹ́ ìyọnu.

Ti ‘àdánwò-iye’ tilẹ̀ tún burú jù. ‘Iye’ ni kí á kà á, ‘ìyè’ sì ni ohun tí ń jẹ́ kí ènìyàn máa mí, ‘iyè’ ni ti inú tí a fi ń rántí nǹkan. Ẹ wo ibi tí ó ń gbé wa lọ: iṣẹ́ ìṣirò di àdánwò ìyè lójú ẹni tó ń ka ìwé tí kò ní àmì, nínú ìwé kan náà tí a ó ti máa sọ̀rọ̀ nípa aláìsàn!

Ohun tó dùn mí jù ni pé ọ̀rọ̀ náà kò bá iṣẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mu, nítorí pé wọn kì í ṣe irú iṣẹ́ kan náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ń pàdé.

Onímọ̀ físíìsì tí a ń wí yìí kì í dán nǹkan kan wò. Ó ń dá àbá ni. Einstein parí àbá rẹ̀ lórí agbára òòfà tó ń fa nǹkan wálẹ̀ ní 1915, ó sì sọ pé ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ yóò tẹ̀ bí ó bá gba ẹ̀gbẹ́ oòrùn kọjá, àti ìwọ̀n tí yóò tẹ̀. Ìrònú àti ìṣirò lórí ìwé ni. Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún 1919, nígbà tí òṣùpá bo oòrùn, ni àwọn mìíràn tó wá lọ wò ó: Eddington lọ sí erékùṣù Príncipe tó wà nínú òkun níhà gúúsù wa níbí, àwọn kejì sì lọ sí Sobral ní Bràsíìlì. Àwọn wọ̀nyí ló dán an wò. Ní 1964 ni Peter Higgs àti àwọn mìíràn dá àbá tiwọn nípa bí àwọn èérún inú ẹ̀dá ṣe ní ìwọ̀n, ó sì di 2012 kí wọ́n tó rí ẹ̀rí rẹ̀ ní CERN, ilé ìwádìí físíìsì ní Yúróòpù. Bí a bá pe ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 1964 ní àdánwò, kí ni a ó pe ti 2012? Àwọn àgbà ti sọ ọ́ fún wa pé àbá ni í di òótọ́, nítorí náà ‘físíìsì ìdábàá’ ni mo fara mọ́. Ẹnìkan kọ ‘físíìsì àròsọ’ síbí lọ́jọ́ kan, mo sì bẹ̀ ẹ́ pé kí ó jọ̀wọ́ fi àròsọ sílẹ̀ fún àwọn oníwèé ìtàn.

Ìṣirò orí kọ̀ǹpútà náà kì í ṣe àdánwò. Ẹ mú nọ́ńbà tí a bá fi sọ ara rẹ̀ di púpọ̀ tí yóò fún wa ní 2. Kò sí ẹni tó lè kọ ọ́ tán. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ láti 1.5, tí ẹ fi pín 2, tí ẹ ro èyí tí ẹ rí pọ̀ mọ́ 1.5, tí ẹ sì pín in sí méjì, ẹ ó rí 1.4167, bí ẹ bá tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹ ó rí 1.414216, nígbà tí èyí tó tọ́ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 1.414213. Ní ohun tó lé ní 3,500 ọdún sẹ́yìn, àwọn ará Bábílónì ti kọ iye kan tó sún mọ́ ọn gidigidi sára amọ̀. Ìsúnmọ́ ni gbogbo iṣẹ́ náà. Olùkọ́ àgbà kan tó kọ́ wa ní ìṣirò, tí Ọlọ́run ti pè sílé báyìí, kì í sọ pé a gbà á tàbí a kò gbà á bí ìdáhùn wa kò bá pé. Ohun tí wọ́n máa ń sọ ni pé, ‘O ti sún mọ́ ọn, tún un sún.’ Láti ẹnu wọn ni mo ti mú ‘ìsúnmọ́ye’, mo sì fi ń bẹ̀ yín kí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò. Àwọn tó ní ‘ìfojúdíwọ̀n’ ti tó, mo bọ̀wọ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n ẹni tó ń fojú díwọ̀n gààrí lọ́jà Jagun kì í sọ bí ohun tí òun wọ̀n ṣe jìnnà sí òótọ́ tó, onísúnmọ́ye sì gbọ́dọ̀ lè sọ ọ́.

Ìyàtọ̀ tó ṣẹ́kù yẹn gan-an ni kò yẹ kí á pè ní ‘àṣìṣe’, bí àwọn kan ti ń kọ ọ́. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kejì 1991, ní Dhahran ní Saudi Arébíà, kọ̀ǹpútà ohun-ìjà Patriot kan, èyí tí wọ́n fi ń já misáìlì ọ̀tá lulẹ̀, ti ń ṣiṣẹ́ fún nǹkan bí wákàtí 100. Ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá ni ó fi ń ka àkókò, kò sì ṣe é kọ tán fún ẹ̀rọ tó ń fi 0 àti 1 ka iye. Ìṣẹ́kù kékeré náà kó ara jọ títí ó fi tó nǹkan bí 0.34 ìṣẹ́jú-àáyá. Ohun-ìjà náà kò bá misáìlì tó ń bọ̀ pàdé, ọmọ ogun Amẹ́ríkà 28 sì kú. Kò sí ẹni tó ṣi nọ́ńbà kan kọ níbẹ̀. ‘Ìṣẹ́kù’ ni, ọ̀rọ̀ náà sì wà nínú èdè wa kí á tó bí wa.

Ẹ̀gbọ́n wa mẹ́nu ba ẹ̀rọ CT tó ń ya àwòrán inú ara gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí pé ẹ̀ka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti di ọ̀kan. Òun náà ni èmi fẹ́ fi ṣe ẹlẹ́rìí. Ní 1917 ni Johann Radon, onímọ̀ ìṣirò ará Austria, fi hàn lórí ìwé pé bí a bá mọ àròpọ̀ ohun tó wà lójú ìlà kọ̀ọ̀kan tó la nǹkan kọjá, a lè mọ inú nǹkan náà. Ní 1956 ni Allan Cormack, onímọ̀ físíìsì tí wọ́n bí sí Gúúsù Áfíríkà, bẹ̀rẹ̀ sí ro ọ̀ràn náà nígbà tó ń bójú tó ìtànṣán ní ilé-ìwòsàn Groote Schuur ní Cape Town; ó tẹ iṣẹ́ rẹ̀ jáde ní 1963 àti 1964, láìmọ̀ pé Radon ti ṣe irú rẹ̀. Godfrey Hounsfield kan ẹ̀rọ náà ní Ìlú Ọba, kọ̀ǹpútà rẹ̀ sì ń sún mọ́ àwòrán náà díẹ̀díẹ̀. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá 1971 ni wọ́n fi ya ọpọlọ aláìsàn àkọ́kọ́, obìnrin kan tí wọ́n fura pé kókó wà lórí rẹ̀, ní Lọ́ńdọ̀nù. Cormack àti Hounsfield jọ gba ẹ̀bùn Nobel ní 1979. Nínú ìtàn yìí, ìdábàá wà, ìsúnmọ́ye wà, ìlò lára ènìyàn wà. Bí a bá pe gbogbo rẹ̀ ní àdánwò, báwo ni ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ yóò ṣe mọ ẹni tó ṣe èwo?

Mo wá dé orí ti àwọn dókítà, níbi tí mi ò ti lè dákẹ́. Ẹ̀mí ò láàrọ̀. Ní 1747, James Lind mú atukọ̀ 12 tí àrùn ti ń mú kí èrìgì wọn máa ṣẹ̀jẹ̀, ó pín wọn ní méjìméjì, ó fún méjì ní ọsàn àti lẹ́mọ̀nù, àwọn méjì yìí ló sì kọ́kọ́ gbádùn. Ní 1948 ni àwọn ará Bìrìtìkó tẹ ìwádìí wọn lórí streptomycin fún ikọ́ ẹ̀gbẹ jáde, níbi tí kì í ti í ṣe dókítà ló ń yan ẹni tí yóò gba oògùn, tó jẹ́ pé nọ́ńbà tí kò mọ ojú ẹnikẹ́ni ló ń yàn án. Ohun tó mú kí irú iṣẹ́ yìí yàtọ̀ sí ìtọ́jú ni pé ẹni tó ń ṣe é kò tíì mọ oògùn tó sàn jù, ó sì gbọ́dọ̀ sọ ọ́ fún aláìsàn bẹ́ẹ̀. Òfin Nuremberg ti 1947, tó jáde nínú ìgbẹ́jọ́ àwọn dókítà Násì ní Jẹ́mánì, fi ìyọ̀ǹda ẹni náà ṣáájú ohun gbogbo. Ní Kánò ní 1996, nígbà tí àrùn lọ́rùnlọ́rùn ń jà, ilé-iṣẹ́ apoògùn kan láti Amẹ́ríkà fi ọmọ 200 ṣe ìwádìí, ìdajì gba oògùn tuntun, ìdajì gba èyí tí a ti mọ̀. 11 kú, ẹjọ́ sì fà á fún ọ̀pọ̀ ọdún lórí bóyá àwọn òbí mọ̀ pé ìwádìí ni wọ́n ń ṣe. Ọ̀rọ̀ tí a bá kọ sórí ìwé ìfọwọ́sí kì í ṣe eré àwọn olùkọ́ èdè. ‘Ìwádìí ìtọ́jú’ ni mo yàn, ìwádìí ni kí ó ṣáájú, kí aláìsàn gbọ́ ọ kí ó tó gbọ́ ìtọ́jú.

Àbúrò wa kan ti ní ‘ìwádìí’ jẹ́ ti ọlọ́pàá. Kò jẹ́ tiwọn nìkan. Ì-wá-ìdí ni, ẹni tó bá ń wá ìdí nǹkan ló ni ín, ìdí nìyẹn tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn pé kí ẹ má ṣe kọ ‘ìwádí’ mọ́ níbí, kí ìró ìdí má bàa sọnù. Mo mọ̀ pé àwọn kan kò ní gbà.

Ní ti gbólóhùn tí ẹ̀gbọ́n wa fi parí ọ̀rọ̀ wọn, pé Ọ̀yọ́ ni kí Ògbómọ̀ṣọ́ ti wá kọ́ Yorùbá, mo bọ̀wọ̀ fún ààfin, ṣùgbọ́n Òṣogùn ni Àjàyí Crowther ti jáde, Modákẹ́kẹ́ sì ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹgbẹ́ wọn ti bẹ̀rẹ̀ sí fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì ní 1970. Ìlú kan kọ́ ló ni èdè-ìperí, ìyẹn àwọn ọ̀rọ̀ tí a fi ń pe nǹkan inú ìmọ̀.

Ó ku placebo, ohun tó dà bí oògùn ṣùgbọ́n tí kò ní oògùn nínú, tí wọ́n ń fún apá kan àwọn tó ń kópa nínú ìwádìí. ‘Oògùn ẹ̀tàn’ tí wọ́n dá lábàá kò dára, nítorí pé a ti sọ fún aláìsàn ṣáájú pé ó lè jẹ́ placebo ni yóò kàn án. ‘Ayédèrú oògùn’ sì ti jẹ́ ti àwọn tí ìjọba ń wá kiri. ‘Àfijọ’ ni mo rò, ohun tí a fi jọ oògùn, níbi tí à- ti ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ gan-an. Bí ẹ̀gbọ́n wa bá ní èyí tó sàn jù, kí wọ́n kọ ọ́ wá pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀ ní pípé.