PhD lórí ọpọlọ àti ìrántí: ibo ni kí n kọ́kọ́ kan ilẹ̀kùn?

Ọmọ Ọ̀bà-Ilé, Àkúrẹ́: Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Mo ti parí Physiology, ẹ̀kọ́ nípa bí ara ṣe ń ṣiṣẹ́, ní UNIMED, yunifásítì ìmọ̀ ìṣègùn tó wà l'Óńdó. Eku tí wọ́n ń kọ́ láti lúwẹ̀ẹ́ wá pèpéle tó fara pamọ́ sínú omi ni iṣẹ́ àṣekágbá mi dá lé. Ṣé Amẹ́ríkà ni kí n kọjú sí ni àbí UK?

Ará Ìdànrè, Atlanta: Àbúrò, o kú iṣẹ́. Ní Amẹ́ríkà, èèyàn lè ti orí BSc bọ́ sí PhD. Ọdún 5 sí 6 ni. Lọ́dún àkọ́kọ́, wàá ṣe díẹ̀díẹ̀ ní láàbù 2 tàbí 3 kó o tó mú ọ̀kan. Ilé ìwé ló sábà máa ń san owó ẹ̀kọ́, wọ́n á tún máa fún ọ lówó tí wàá fi jẹun. Ìbẹ̀rẹ̀ December ni ọ̀pọ̀ wọn ń ti ilẹ̀kùn, nítorí náà láti August ni kó o ti máa lé transcript, ìwé èsì ẹ̀kọ́ rẹ láti yunifásítì. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti ń bà jẹ́: fọ́ọ̀mù ti wọlé, lẹ́tà àwọn olùkọ́ ti dé, transcript ò tíì kúrò nílé.

Ọmọ Ọ̀ṣemàwé, Leeds: Ti UK jẹ́ ọdún 3 sí 4, ọ̀dọ̀ ọ̀jọ̀gbọ́n kan ni wàá lọ tààrà. Ka ìkéde owó wọn dáadáa. Òmíràn, iye tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ọmọ ìlú nìkan ló ń san, ìyókù á wà lọ́rùn rẹ.

Eku inú omi yẹn gan-an ni kó o gbé síwájú. Richard Morris ló gbé ọgbọ́n yẹn jáde lọ́dún 1981, gbogbo láàbù ìrántí ló mọ̀ ọ́n. Má kàn kọ sínú ímeèlì pé "mo ti ṣiṣẹ́ lórí ìrántí." Sọ bí ọpọ́n omi ṣe fẹ̀ tó, bí omi ṣe lọ́ wọ́ọ́rọ́ tó, ìgbà mélòó ni eku kọ̀ọ̀kan wọ omi lójúmọ́. Sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n yọ pèpéle kúrò pátápátá, torí ọjọ́ yẹn ni ìrántí ń hàn: eku tó bá rántí á máa yí ibi tí pèpéle wà tẹ́lẹ̀ po.

Ará Ìdànrè, Atlanta: Òótọ́ ni. Fi ohun tó lè tan èèyàn jẹ kún un. Eku funfun olójú pupa kì í fi bẹ́ẹ̀ ríran. Bí kò bá rí àmì ara ògiri tó yẹ kó fi mọ ọ̀nà, á pẹ́ kó tó dé pèpéle, a ó sì sọ pé ó ti gbàgbé. Bákan náà ni èyí tí oògùn ti sọ di aláìlágbára, tàbí tí omi tútù ti mú lára. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń wọn bó ṣe ń yára lúwẹ̀ẹ́ tó, tí wọ́n sì ń fi pèpéle tó yọ síta dán ojú rẹ̀ wò. Ìpínrọ̀ kan péré lórí èyí sàn ju ojú ìwé méjì ìyìn ara ẹni lọ.

Ọmọ Ọ̀bà-Ilé, Àkúrẹ́: Ẹ ṣeun gan-an ni. Lẹ́yìn PhD ńkọ́?

Ọmọ Ọ̀ṣemàwé, Leeds: Postdoc ni, ìyẹn iṣẹ́ ìwádìí ọdún díẹ̀ ní láàbù ẹlòmíràn, kó o tó ní láàbù tìrẹ. Bó o bá wà ní Amẹ́ríkà, F31, owó ìrànwọ́ NIH (àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń náwó sí ìwádìí ìlera) fún àwọn tó ṣì ń ṣe PhD, ọmọ ìlú tàbí ẹni tó ní green card ló wà fún. K99/R00, owó NIH fún àwọn tó ń ti postdoc lọ dá láàbù tiwọn sílẹ̀, kò béèrè ìyẹn, àmọ́ o gbọ́dọ̀ tètè kọ ọ́: wọn kì í fẹ́ kó o ti lò ju ọdún 4 lọ lẹ́nu postdoc. Ní báyìí tó o ṣì wà nílé, máa ṣọ́ ìkéde IBRO (àjọ àgbáyé fún ìwádìí ọpọlọ) àti SONA (ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ọpọlọ ní Áfíríkà) fún ẹ̀kọ́ ọlọ́jọ́ díẹ̀ ní Áfíríkà.

Ará Ìdànrè, Atlanta: Kọ ìpínrọ̀ eku yẹn síbí lálẹ́ òní, a ó bá ọ tún un ṣe kó o tó fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni.