Ọmọ Ajílété tó dín ọkà kù, ẹ bọ́ síbí

Ìyá Télọ̀, Ọjà Jagun, Ògbómọ̀ṣọ́:

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Àwọn kan nínú yín ti ń bi mí pé kí ni mò ń lò tí ọrùn mi fi yọ báyìí. Mi ò lo nǹkan kan. Kò sí àgbo, kò sí tíì tó ń fọ ikùn. Oúnjẹ ni mo dín kù, kì í sì í ṣe gbogbo oúnjẹ: ọkà (àmàlà), ẹ̀bà, iyán, ìrẹsì, búrẹ́dì, àti ohunkóhun tó bá dùn tí wọ́n rọ sínú ìgò. Kílò 96 ni mo wọ̀n nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀. Lóṣù tó kọjá, 82 ni. Ó lé lọ́dún kan kó tó rí bẹ́ẹ̀, nítorí náà ẹni tó bá ń wá ti ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ jọ̀ọ́, kò sí níbí.

Ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe ará ìlú wa lè má mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe le tó. Ògbómọ̀ṣọ́ Ajílété, níbi tí wọ́n gbé ń jẹ ọkà kí wọ́n tó mu ẹ̀kọ yangan! Ọkà ni wọ́n fi ń kì wá. Ẹ wá fẹ́ kí n dìde lọ́jọ́ kan kí n sọ fún ìyá ọkọ mi pé mi ò jẹ ọkà mọ́?

Mi ò sọ fún wọn. Mi ò kéde fún ẹnikẹ́ni, mi ò sì dáná ọ̀tọ̀. Ìkòkò tí ọkọ mi àti àwọn ọmọ ń jẹ nínú rẹ̀ ni èmi náà ń jẹ nínú rẹ̀. Àwo mi nìkan ló yí padà. Tẹ́lẹ̀, ọkà á kún àwo, ọbẹ̀ á kàn yí i ká. Ní báyìí, ẹ̀fọ́ rírò tàbí ẹ̀gúsí ló ń kún àwo, pẹ̀lú ẹran tàbí ẹja, ọkà tó wà níbẹ̀ ò sì ju ìkúùkù mi lọ. Ọ̀sán nìkan ni mo ń jẹ ìyẹn. Tí alẹ́ bá lẹ́, ọbẹ̀ lásán ni, mo sì ń bù ú dáadáa. (Pọ̀nmọ́ ò ní sítáàṣì o, èyí tó pọ̀ nínú ọkà, ẹ̀bà àti búrẹ́dì, ṣùgbọ́n ẹ má fi pọ̀nmọ́ rọ́pò ẹran. Kò sí nǹkan púpọ̀ nínú rẹ̀ ju àtijẹ ẹnu lọ.)

Àárọ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ mọ́jú tó jù. Ẹyin méjì àti ẹ̀fọ́ tó ṣẹ́kù láná, tàbí wàrà tí mo fi ata àti àlùbọ́sà dín. Àwọn ìyá Fúlàní tó ń gbé wàrà kiri ò jìnnà sí wa, ọpẹ́ ni. Nǹkan kan náà ni mo ń jẹ láràárọ̀. Ẹ ní ṣé kò sú mi? Kò sú mi. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ronú ohun tí yóò jẹ nígbà tí oníbàárà ti dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà, búrẹ́dì ni yóò rà nígbẹ̀yìn. Mo mọ obìnrin kan tí òun náà fẹ́ fọn, tó ránṣẹ́ sí Ìbàdàn lọ ra ìyẹ̀fun álímọ́ńdì, ó ra òróró àgbọn, ó ra ṣúgà tí kì í ṣe ṣúgà. Nígbà tí owó tán, ètò náà tán.

Ìyá ọkọ mi fura nígbà tó yá. Wọ́n pè mí sí kọ̀rọ̀, wọ́n ní, “Ìyàwó, ṣé ọkọ rẹ ò fún ọ lówó oúnjẹ mọ́ ni?” Mo kúnlẹ̀, mo ní ẹ má bínú, mà, orúnkún ló ń dùn mí, wọ́n ní kí n fúyẹ́ díẹ̀ kó lè gbé mi. Òótọ́ sì ni. Láti ìgbà yẹn, àwọn fúnra wọn ló ń bu ẹran kún àwo mi, wọ́n ní kí orúnkún lè rí nǹkan jẹ.

Ní ti ìnáwó Sátidé, mo máa ń jẹun nílé kí n tó lọ. Níbẹ̀, mọ́ínmọ́ín àti ẹran ni mo ń bèèrè. Tí ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù bá dé iwájú mi, mo máa ń jẹ ṣíbí mélòó kan kí ẹni tó ṣe ìnáwó má bàa rò pé mo kórìíra òun, màá sì gbé ìyókù fún ọmọ tó bá wà nítòsí. Lọ́jọ́ kejì, ẹyin àti ẹ̀fọ́. Mi ò kì í dúró de Mọ́ńdè. Gbogbo àwọn tí mo mọ̀ tó ń dúró de Mọ́ńdè, wọ́n ṣì ń dúró dè é.

Ọmọ Under G:

Ìyá Télọ̀, ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Yunifásítì LAUTECH níbí ni mo wà. Ẹyin méjì láràárọ̀ fún ọmọ iléèwé? Ó dọwọ́ Ọlọ́run. Ẹ̀wà ni èmi ń jẹ, láìsí búrẹ́dì, láìsí gàrí. Mo mọ̀ pé sítáàṣì wà nínú ẹ̀wà, ẹ má tíì bínú sí mi, ṣùgbọ́n ó máa ń dúró nínú. Tí mo bá jẹ ẹ́ ní aago 11, ebi kì í pa mí títí di ìrọ̀lẹ́. Mo tún máa ń jẹ ẹ̀pà, kukumba, àti wàrà sóyà tí wọ́n ń dín tà. Indomie alẹ́ àti gàrí olómi tútù pẹ̀lú ṣúgà ni mo yọ kúrò pátápátá. Àwọn tá a jọ ń gbé yàrá ń pè mí ní Dókítà Ẹ̀wà. Ṣòkòtò mi sì ti ń já bọ́, mà.

Nọ́ọ̀sì, Sábó:

Ẹ kú àlàyé, mà. Mo fẹ́ fi díẹ̀ kún un, nítorí ohun tí mò ń gbọ́ lẹ́nu iṣẹ́.

Kílò tó bá bọ́ lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, omi ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ara wa máa ń sọ sítáàṣì di ṣúgà, á sì tọ́jú díẹ̀ lára ṣúgà náà sínú ẹ̀dọ̀ àti iṣan, gírààmù kọ̀ọ̀kan rẹ̀ sì máa ń di omi bíi gírààmù mẹ́ta mú. Bí sítáàṣì bá dín kù, ara á lo ṣúgà yẹn, omi á bá ìtọ̀ jáde, iyọ̀ á tẹ̀lé e. Ìdí nìyẹn tí orí fi ń fọ́ àwọn mìíràn, tó sì ń rẹ̀ wọ́n. Kí wọ́n mu omi dáadáa, kí wọ́n má sì sá fún iyọ̀ inú ọbẹ̀, àyàfi ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru tàbí tí kíndìnrín ń yọ lẹ́nu. Tó bá yá, ìwọ̀n á rọra máa wálẹ̀, àwọn èèyàn á ní kò ṣiṣẹ́ mọ́. Ọ̀rá gan-an ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ́ nígbà yẹn.

Ẹ̀ẹ̀kejì: wíìtì tí wọ́n ń rò fún ẹni tó fẹ́ fọn, sítáàṣì náà ni. Èlùbọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀, sítáàṣì ni. Wọ́n ní àǹfààní tiwọn, ṣùgbọ́n ẹni tó fi òkìtì wíìtì rọ́pò òkìtì ọkà kò tíì dín nǹkan kan kù.

Èyí tó wà lọ́kàn mi jù ni pé ẹni tó bá ń gba abẹ́rẹ́ ínsúlínì, tàbí tó ń lo oògùn ìtọ̀ ṣúgà, kò gbọ́dọ̀ dín ọkà kù láìsọ fún dókítà rẹ̀. Oúnjẹ tí ẹ ń jẹ tẹ́lẹ̀ ni wọ́n wò kí wọ́n tó wọn oògùn fún yín. Bí oúnjẹ bá dín tí oògùn ò dín, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ lè wálẹ̀ jù, èèyàn sì lè dákú. Aboyún àti ìyá ọlọ́mú, ẹ fi í sílẹ̀ ná.

Kì í sì í ṣe ọ̀nà yìí nìkan ló wà. Ní 2018, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Stanford, ní Amẹ́ríkà, gbé àbájáde jáde lórí èèyàn 609. Fún ọdún kan, apá kan dín sítáàṣì kù, apá kejì dín ọ̀rá kù. Ohun tó bọ́ lára apá méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, bíi kílò márùn-ún sí mẹ́fà. Nínú apá kọ̀ọ̀kan, àwọn kan fọn gan-an, àwọn kan tiẹ̀ sanra sí i.

Dáífà Ìbàdàn:

Nọ́ọ̀sì ti gbà mí sílẹ̀. Èmi gbìyànjú irú ti Ìyá Télọ̀, kò bá mi lára mu. Ẹni tó ti wà lẹ́yìn sítíárìn láti ìdájí, tó bá sọ̀kalẹ̀ ní bùkà lọ́sàn-án, ọkà ló ń wá, kì í ṣe ìkúùkù kan. Mo fi ọkà ọ̀sán sílẹ̀ fún ara mi. Máàtì, mínírà, búrẹ́dì inú gáréèjì, àti oúnjẹ aago mẹ́wàá alẹ́ ni mo lé lọ. Mo ti lu ihò tuntun sára bẹ́líìtì mi. Ẹ má bú mi o.

Ìyá Télọ̀, Ọjà Jagun:

Bọ̀dá Dáífà, ta ló fẹ́ bú yín? Èyí tẹ́ ẹ bá lè máa ṣe títí ni kí ẹ ṣe. Ọkọ mi náà ò tẹ̀lé tèmi, ọkà rẹ̀ pé, mo sì ń rò ó fún un.

Ọmọ Under G, tí o bá wá sí Jagun, yà lọ́dọ̀ mi kí n bá ọ fún ṣòkòtò yẹn. Ọ̀fẹ́ ni.

Àǹtí Tíṣà, Ọ̀yọ́:

Ẹ jọ̀ọ́, mà, máńgòrò ń kọ́? Àsìkò rẹ̀ ti ń bọ̀, ẹ̀yin ará Ògbómọ̀ṣọ́ náà lẹ sì ń kó o wá bá wa.

Ìyá Télọ̀, Ọjà Jagun:

Àǹtí mi, ẹ má dán ìgbàgbọ́ mi wò. Ṣúgà wà nínú rẹ̀, kò ṣe é fi pamọ́. Ẹyọ kan ni mo ń jẹ, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, lọ́jọ́ náà mi ò ní fọwọ́ kan ọkà rárá. Jíjẹ ni mò ń jẹ ẹ́ o, mi ò kì í lọ̀ ọ́ mu, torí ẹni tó bá lọ̀ ọ́ kì í dúró lórí ẹyọ kan. Tí ẹ bá ń bọ̀ wá rà á, ẹ tètè dé láàárọ̀. Tó bá di ọ̀sán, àwọn tó ń kó o lọ sí Ìbàdàn ti ṣa èyí tó dára tán.