Ìwé idán alápá mẹ́fà: èwo ni kó ṣíwájú, báwo ni orúkọ kò ṣe ní dàrú mọ́ èèyàn lójú?

Ewé-Kan-Sí-i
Ẹ kú ìkàwé o, ẹ̀yin ará. Ìwé ìtàn idán àti ìrìn-àjò kan tí wọ́n kọ fún àwọn ọ̀dọ́ ló wà lọ́wọ́ mi, alápá mẹ́fà ni. Márùn-ún tẹ̀lé ara wọn. Ìkẹfà ló jáde kẹ́yìn, àmọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ṣáájú apá kìíní ló ń sọ. Mo ti dé ojú ìwé 90 nínú 400 ti apá kìíní, ibẹ̀ ni mo há sí. Orúkọ èèyàn, ìlú àti ìdílé ti lé ní 40. Àwọn méjì kan wà tí lẹ́tà kan náà bẹ̀rẹ̀ orúkọ wọn, n kò mọ èwo ni ọ̀rẹ́, èwo ni ọ̀tá. Ẹni mẹ́ta ló sì ń gba ìtàn sọ lẹ́nu ara wọn, oríkórí ni wọ́n ń yí i. Ṣé kí n kọ́kọ́ ka apá kẹfà kí ilẹ̀ lè mọ́? Kí lẹ sì ń ṣe sí ọ̀rọ̀ orúkọ yìí? Orí fóònù ni mo ti ń kà á.

Alákàtúnkà
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi apá kẹfà sílẹ̀ dẹ̀yìn. Bí wọ́n ṣe jáde ni kí ẹ ṣe kà wọ́n. Òǹkọ̀wé tó ti kọ márùn-ún kó tó padà sí àtètèkọ́ṣe, ẹni tó ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ já sí ló ń kọ ọ́ fún. Ọmọ kékeré kan á gba ojú ìwé kan kọjá, wọ́n á dárúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré. Ẹni tó ti ka márùn-ún á mí kanlẹ̀, torí ó mọ ohun tí ọmọ náà máa dà. Ẹni tí kò kà á, ọmọ lásán ló rí. Èyí tó burú jù ni pé àṣírí tí apá kẹta fi ìwé odindi gbé pamọ́, apá kẹfà á sọ ọ́ bí ohun tí gbogbo ayé ti mọ̀.

Ẹ má sì gbọ́kàn lé nọ́ńbà tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé. Ẹ wo ìtàn Narnia, ìwé méje tí C. S. Lewis kọ nípa ayé idán kan: *The Lion, the Witch and the Wardrobe* ló kọ́kọ́ jáde, ní 1950. *The Magician's Nephew*, tó sọ bí ayé náà ṣe bẹ̀rẹ̀, di 1955 kó tó jáde, òun sì ni ìkẹfà nínú méje. Síbẹ̀, òun ni ọ̀pọ̀ ẹ̀dà ayé òde òní kọ nọ́ńbà 1 sí. Ojú ewé tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé sí ni kí ẹ ṣí. Ọdún tí wọ́n *kọ́kọ́* tẹ ìwé náà ni kí ẹ wá, ọdún ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ yín kọ́.

Ojú-Fìtílà
Ọ̀rọ̀ ti orúkọ ni tèmi. Ẹ má kọ gbogbo 40 sílẹ̀, ìdajì wọn kò ní padà wá mọ́. Ẹ dúró dìgbà tí orúkọ bá yọjú lẹ́ẹ̀kẹta kí ẹ tó kọ ọ́ sórí ìwé pélébé kan tàbí sínú àkọsílẹ̀ orí fóònù. Kò gbọdọ̀ ju bíi 15 lọ fún apá kan. Ẹ má kọ àwọ̀ irun tàbí ojú, ìyẹn kì í lẹ̀ mọ́ ọpọlọ. Ta ló ń sìn, ta ló ń wá, kí ló jẹ ẹ́ ní gbèsè: èyí ni kí ẹ kọ. Àwọn méjì tí lẹ́tà wọn jọra yẹn, ẹ kọ orúkọ wọn sí ìlà kan náà, kí ẹ wá kọ ohun kan ṣoṣo tó yà wọ́n sọ́tọ̀ sáàárín.

Ẹ tún mú ìpè kan fún orúkọ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ pè é sókè lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ má sì yí i padà mọ́. Bí ó bá tọ̀nà, bí kò bá tọ̀nà, kò sẹ́ni tó ń máàkì. Ojú tó kàn ń fò kọjá lórí orúkọ tí ẹnu kò lè pè ni orúkọ fi ń dàrú.

Ní ti idán, ìbéèrè mẹ́ta péré: kí ló ń fún un lágbára, kí ló ń gbà lọ́wọ́ ẹni tó ń lò ó, kí ni kò lè ṣe? Ìdáhùn ìkẹta ni kí ẹ fàlà sí nídìí. Ibẹ̀ ni ìjà ìkẹyìn sábà máa ń rọ̀ mọ́. Ẹni tí kò kíyè sí i á ní òǹkọ̀wé kàn fi ọgbọ́n òjijì yọ akọni rẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ó ti sọ ọ́ láti orí kẹrin.

Àwòrán ilẹ̀ kì í hàn dáadáa lórí fóònù. Ojú ewé méjì tó kọjú síra ni wọ́n yà á fún, ìwé orí fóònù á gé e sí méjì tàbí kó fún un pọ̀. Ẹ fẹ̀ ẹ́ títí ìlú á fi ṣeé kà, kí ẹ ya àwòrán ojú fóònù, kí ẹ máa wò ó níbi tí àwòrán yín wà. Ìyẹn yá ju kí ẹ máa fi ojú ewé sílẹ̀ lọ síwájú ìwé.

Eku-Inú-Àpò
Èmi kò fara mọ́ ìwé pélébé yẹn pátápátá. Ìtàn tí èèyàn ń kà bí ẹni ń múra ìdánwò, kò sí adùn níbẹ̀ mọ́. Orúkọ tó bá ṣe pàtàkì, òǹkọ̀wé fúnra rẹ̀ á tún un sọ.

Ibi tí ẹ ti ń dá ìwé dúró ló ń dà yín láàmú. Irú ìwé báyìí máa ń parí orí rẹ̀ síbi tí ọkàn ti gbé sókè, tí orí tó kàn á sì bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíì. Bí ẹ bá ti parí orí kan kí ẹ tó pa fóònù, ọ̀la ẹ máa jí bá ẹni tí ẹ ti gbàgbé. Àárín orí ni kí ẹ dúró sí. Bí ọ̀rọ̀ bá yí sí ẹni kan lẹ́yìn orí méjì, ẹ padà ka ìpínrọ̀ ìkẹyìn orí rẹ̀ tó kọjá, kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ. Ẹ má sì fo ẹni tí ẹ kò fẹ́ràn. Ohun tí ọ̀kan bá jí gbé ni ẹlòmíì ń wá kiri.

Ẹ kà tó 40 tàbí 50 ojú ìwé ní ìjókòó kan, lẹ́ẹ̀kan péré, kí ayé ìtàn náà tó wọ̀ yín lára. Ojú ìwé mẹ́wàá mẹ́wàá lálaalẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ló ń pa ìwé. Nínú 400, ó yẹ kí akọni ti kúrò nílé ní bíi ojú ìwé 100 sí 110. Tó bá di 140 tí kò tíì sẹ́ni tó gbéra, ẹ gbé e jù síbẹ̀, kì í ṣe ẹ̀bi yín.

Ewé-Kan-Sí-i
Ẹ ṣeun gan-an. Ṣé kò burú kí n máa fi orúkọ wá wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì nígbà tí mo bá gbàgbé? Mo sì ní ìwé àtẹ́tísí rẹ̀.

Alákàtúnkà
Háà, ó burú o! Ẹ kò ní tíì tẹ orúkọ náà tán tí Google á fi bá yín fi “ikú” kún un. Inú ìwé gan-an ni kí ẹ ti wá a, ṣùgbọ́n àbájáde tó wà ṣáájú ojú ewé yín nìkan ni kí ẹ wò, nítorí ìwákiri náà ń kó ti ojú ewé tí ẹ kò tíì dé jọ pẹ̀lú. Ọ̀rọ̀ ìpolówó ẹ̀yìn apá kejì ńkọ́? Ẹ má kà á kí ẹ tó parí apá kìíní, gbólóhùn àkọ́kọ́ rẹ̀ ló máa ń sọ ẹni tó yè.

Ojú-Fìtílà
Àtẹ́tísí dára fún ìpè orúkọ. Ẹ gbọ́ orí mẹ́ta àkọ́kọ́ bí ẹ ṣe ń fojú kà á, lórí ìyára 1.0. Bí ẹ bá sún un dé 1.5, orúkọ àjèjì á kàn máa ṣàn kọjá létí ni.

Alákàtúnkà, ẹ má bínú o, Lewis fúnra rẹ̀ gbà pẹ̀lú ọmọ kan nínú lẹ́tà tó kọ ní 1957 pé kí ó tẹ̀lé bí àkókò inú ìtàn ṣe lọ.

Alákàtúnkà
Ó gbà bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Ó sì ní nínú lẹ́tà kan náà pé bóyá kò tilẹ̀ já mọ́ nǹkan kan. Àmọ́ ọmọ yẹn ti ka díẹ̀ nínú wọn kó tó béèrè. Ẹni tó wà ní ojú ìwé 90 apá kìíní, apá kìíní náà ni kó tẹ̀ síwájú nínú rẹ̀.