Níbo ni òṣì wà nínú àwòrán ìkórè yìí?

Àjàní: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olùfẹ́ iṣẹ́ ọnà. Mo ń wo àwòrán obìnrin mẹ́ta tí Jean-François Millet, ọmọ ilẹ̀ Faransé, fín sára bàbà láàárín ọdún 1855 sí 1856, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Les Glaneuses. Gbogbo ibi tí mo ti kà nípa rẹ̀ ni wọ́n ti ń sọ pé òṣì ará oko ló ń fi hàn, bẹ́ẹ̀ òkìtì ọkà ńláńlá ni mo rí lẹ́yìn wọn. Níbo ni òṣì náà wà? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ là mí lọ́yẹ.

Àbẹ̀kẹ́: Bọ̀dá Àjàní, ọkà yẹn kì í ṣe tiwọn. Ẹni tó bá ti ka ìtàn Rúùtù nínú Bíbélì Yorùbá mọ iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe: wọ́n ń pèéṣẹ́ ni. Bí olóko bá ti kórè àlìkámà rẹ̀, tó sì ti kó o kúrò nílẹ̀ tán, àwọn aláìní lè wọlé wá ṣa ṣírí tó bọ́ sílẹ̀. Òfin ilẹ̀ Faransé ti ọdún 1810 tilẹ̀ ní owó ìtanràn fún ẹni tó bá pèéṣẹ́ kí oko tó ṣófo, tàbí kí oòrùn tó yọ, tàbí lẹ́yìn tó bá ti wọ̀. Ẹ wá fi òkìtì ẹ̀yìn yẹn wé ìwọ̀nba tó wà lọ́wọ́ wọn.

Àkàndé: Iṣẹ́ bàbà ni mò ń ṣe, nítorí náà mo fẹ́ fi tèmi kún un. Ayàwòrán á kọ́kọ́ fi ìda pa ojú bàbà, á fi abẹ́rẹ́ ha àwòrán sínú ìda náà, á wá rì í sínú ásíìdì kí ó lè jẹ ibi tí abẹ́rẹ́ ti ṣí sílẹ̀. Yíǹkì tó bá kù sínú ojú ilà wọ̀nyẹn ni bébà tútù máa gbà nígbà tí ẹ̀rọ bá tẹ̀ ẹ́. Nínú àwòrán ọlọ́dà ti àwọn obìnrin mẹ́ta yìí kan náà, tí Millet fi hàn ní Paris ní 1857, gèlè aláwọ̀ búlúù àti pupa ń dẹ ojú lára. Lórí bàbà, ilà nìkan ló wà. Ní tèmi, ti bàbà ló ń sọ òótọ́ jù.

Àjàní: Ó yé mi wàyí. Ṣùgbọ́n àánú wọn ló ń ṣe Millet ni, àbí ẹjọ́ ló ń pe àwọn olówó?

Àbẹ̀kẹ́: Àwọn olówó Paris gbà pé ẹjọ́ ni, nítorí ọdún mẹ́sàn-án péré ni ìṣọ̀tẹ̀ 1848, èyí tó lé ọba Faransé kúrò lórí oyè, fi ṣáájú àwòrán ọlọ́dà náà, ẹ̀rù aláìní kò sì tíì kúrò lára wọn. Millet fúnra rẹ̀, ọmọ àgbẹ̀ Gruchy ní Normandy ni, abúlé Barbizon, létí oko, ló sì ń gbé láti 1849. Ẹ wo apá ọ̀tún àwòrán ọlọ́dà náà, lọ́ọ̀ọ́kán: ọkùnrin kékeré kan wà lórí ẹṣin. Alábòójútó oko ni.