Ìmọ́lẹ̀ tó ń tàn lápá àríwá lóru ìgbà ooru ní Scotland

Ìbéèrè, láti Aberdeen:
Ẹ̀yin ará, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mo ń ti ibi iṣẹ́ alẹ́ bọ̀, aago 12 òru ti kọjá, ni mo rí ìmọ́lẹ̀ kan nísàlẹ̀ ọ̀run lápá àríwá. Àwọ̀ fàdákà ni, búlúù díẹ̀ wà nínú rẹ̀, ó sì ní ìlà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí iyanrìn etí òkun tí omi ṣẹ̀ṣẹ̀ fà kúrò lórí rẹ̀. Ṣé aurora, ìmọ́lẹ̀ aláràbarà ojú ọ̀run tí wọ́n rí káàkiri Britain lóṣù Karùn-ún 2024, nìyẹn? Àwọn ọmọ ní bí mo bá tún rí i, kí n jí àwọn.

Èsì, láti Edinburgh:
Ẹ kú iṣẹ́ alẹ́ o. Aurora kọ́. Àwọsánmà ni, òun ló sì ga jù nínú gbogbo àwọsánmà ayé: nǹkan bí kìlómítà 80 sí 85. Nígbà ooru, òtútù ibẹ̀ máa ń kọjá -120°C, ìwọ̀nba omi tó wà níbẹ̀ á wá dì mọ́ eruku àwọn òkúta ojú ọ̀run tó jóná. Oòrùn ti wọ̀ fún àwa tá a wà nílẹ̀, àmọ́ ó ṣì ń tàn sí i lókè lọ́hùn-ún. Ẹ wo àwọsánmà òjò tó bá wà nítòsí rẹ̀: yóò dúdú, tòkè á máa dán. Ohun tí mo fi ń dá a mọ̀ nìyẹn.

Láti ìparí oṣù Karùn-ún sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹjọ ni kí ẹ máa wò ó, ní wákàtí kan àtààbọ̀ sí méjì lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀, tàbí kí ó tó là. Ẹ gbé fóònù lé orí ògiri kó má bàa mì, ẹ fi í sí ìlò òru. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jí àwọn ọmọ yẹn! Kí wọ́n wọ aṣọ alápá gígùn, nítorí kòkòrò.

Ní ti aurora, àwọ̀ ewé ló wọ́pọ̀ níbẹ̀, ó máa ń nà ró, ó sì lè yí padà kíá. Ọ̀run wa kì í ṣú tó lóṣù Kẹfà láti rí i dáadáa. Ẹ ní sùúrù di ìparí oṣù Kẹjọ. AuroraWatch UK, ti Yunifásítì Lancaster, máa ń fi ìkìlọ̀ ránṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́.

Láti Peckham:
Àwa ará London ńkọ́, ẹ̀gbọ́n?

Èsì, láti Edinburgh:
Àwọsánmà yẹn máa ń dé ọ̀dọ̀ yín lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ gan-an ló máa ń wà. Ẹ wá ibi gíga tí ilé kò dí apá àríwá rẹ̀.