"Dying" ni àbí "dyeing"? Ẹ jọ̀ọ́, pátákó ṣọ́ọ̀bù mi ni

Aláró Òkè-Fíà:
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará ilé. Àdìrẹ ni mò ń ṣe n'Óṣogbo níbí, lọ́wọ́ ìyá mi ni mo ti kọ́ ọ, mo wá gbé pátákó tuntun fún ẹni tó máa bá mi kùn ún, kí n tó débẹ̀ ó ti kọ TYING AND DYING, ọ̀dà ti gbẹ. Kọ́sítọ́mà kan tó wá láti Èkó ló wò ó títí, ó ní mà, ikú lẹ kọ síbẹ̀ yẹn o. Àyà mi já, torí mi ò fẹ́ ikú lẹ́nu ọ̀nà ibi tí mo ti ń jẹun. Ẹni tó kọ ọ́ ní òun ò ṣìṣe, pé tí tie bá di tying, dye náà á di dying. Èwo ló tọ̀nà?

Tíṣà Òròkí:
Mà, òótọ́ ni kọ́sítọ́mà yín sọ. Ọ̀rọ̀ tó bá fi ie parí ni wọ́n ń sọ ie rẹ̀ di y kí ing tó wọlé: tie tying, lie lying, die tó jẹ́ kú, dying. Dye tó jẹ́ aró ò ní ie, y ti wà nínú ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Lóòótọ́ e ìgbẹ̀yìn sábà máa ń jábọ́, bíi make tó di making, àmọ́ tí e ti dye bá jábọ́ ikú ló máa kù síbẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fi í sílẹ̀, dyeing. Bẹ́ẹ̀ náà ni singe, bí a ṣe ń finá jó irun ara ewúrẹ́, singeing ni, kó má bàa di singing tó jẹ́ orin kíkọ. Tẹ́ ẹ bá pe dying àti dyeing lẹ́nu ohùn kan náà ni, ojú ló ń dá wọn mọ̀.

Ọmọ Ọjà Ọba:
Ẹ má bínú jù sẹ́ni tó kọ ọ́ o. Àwọn òyìnbó gan-an pẹ́ kí wọ́n tó yà á sọ́tọ̀, nínú díṣọ́nárì tí Samuel Johnson ṣe ní 1755, die ló kọ fún méjèèjì.

Ìyá Ẹlẹ́lú:
Ọmọ mi, kí ló dé tó jẹ́ gẹ̀ẹ́sì ló ṣáájú? Àdìrẹ ti sọ gbogbo ẹ̀ tán, a dì í, a rẹ ẹ́ láró. Ìlú aró ni wá, ṣebí ìkòkò aró Ọ̀ṣun làwọn tó tẹ ìlú yìí dó gé igi wó lù, tó fi pariwo pé oṣó inú igbó, ẹ ti fọ́ ìkòkò aró mi tán. Kọ ÀDÌRẸ gàdàgbà sókè, kí gẹ̀ẹ́sì wà nísàlẹ̀.

Aláró Òkè-Fíà:
Ẹ ṣé gan-an, mà. Àyè ò sí láti ki e yẹn bọ àárín, a máa tún gbogbo ẹ̀ kùn lọ́la. ÀDÌRẸ ló máa wà lókè.