Iṣẹ́ ọba, iṣẹ́ òde, iṣẹ́ ìlú: ẹ má jẹ́ ká pa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ kú iṣẹ́ èdè o.

Ẹ̀gbọ́n wa tó ń kó ọ̀rọ̀ jọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn ti fi apá kan iṣẹ́ wọn hàn wá, wọ́n sì ní kí kálukú sọ tẹnu rẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé orí Public Works Department, ìyẹn P.W.D., iléeṣẹ́ tí ìjọba amúnisìn fi ń la ọ̀nà, tí wọ́n fi ń ṣe afárá, tí wọ́n sì fi ń kọ́ ilé fún àwọn òṣìṣẹ́ wọn, ohun tí wọ́n kọ síwájú rẹ̀ ni "Ẹ̀ka Iṣẹ́ Ìlú". Ẹnì kan ní ká kúkú pè é ní "Ẹ̀ka Ohun Amáyédẹrùn". Àbúrò wa tó ń ṣiṣẹ́ rédíò wá ní "iṣẹ́ òde" làwọn ń lò nínú ìròyìn láti ọjọ́ pípẹ́, kí ló dé tí a tún ń wá òmíràn kiri?

Mo fara mọ́ àbúrò wa, kí ẹ̀gbọ́n má bínú sí mi. Amáyédẹrùn, mo máa sọ tèmi lé e lórí. Ṣùgbọ́n "iṣẹ́ ìlú" gan-an ló gbé mi dìde kọ̀wé yìí, nítorí ọ̀rọ̀ náà ti ní olówó orí kí òyìnbó tó gúnlẹ̀.

Iṣẹ́ ìlú, ìlú ló ni ín. Bí ọjọ́ bá pé tí wọ́n máa ro ọ̀nà odò tàbí ọ̀nà oko, wọ́n á lu agogo yí àdúgbò ká lálẹ́. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ti mọ ibi tó kàn án, láti ìdí igi kan dé ìdí igi kejì. Ní Ìjẹ̀bú, àwọn règbérègbé, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn tí ọjọ́ orí wọn súnmọ́ra, ló ń pín irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ láàárín ara wọn. Ẹni tí kò bá yọjú á san owó ìtanràn, àwọn tó ṣiṣẹ́ ni wọ́n sì máa fi owó yẹn ra ẹmu mu. Ẹ kíyè sí i: àwọn tó ń rin ọ̀nà náà ló ro ó, àwọn kan náà ló dá ọjọ́ tí wọ́n máa ro ó, àwọn náà ló sì jẹ ìtanràn ẹni tó sá. Bí tẹbí-tọ̀rẹ́ ṣe ń ṣe àáró àti ọ̀wẹ̀ nìyẹn, ti ìlú kàn fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ ni. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí, dídá ọjọ́, ṣíṣe iṣẹ́ àti jíjẹ èrè, ló wà nínú ọ̀rọ̀ náà "iṣẹ́ ìlú".

Èwo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni P.W.D. fi sílẹ̀ fún ìlú? Ṣíṣe iṣẹ́ nìkan ni.

Ẹ jẹ́ ká wo Abẹ́òkúta, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ti ta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Láti 1898 títí di 1914, àwọn Ẹ̀gbá ní ìjọba tiwọn tí òyìnbó ń pè ní Egba United Government. Òmìnira ni wọ́n pè é, ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn aṣojú òyìnbó ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀pọ̀ nǹkan, wọ́n sì ń kó àwọn ènìyàn lọ sẹ́nu iṣẹ́ ọ̀nà láìsan kọ́bọ̀. Ní 1914, bàbá arúgbó kan láti Ìjemọ̀, àdúgbò kan ní Abẹ́òkúta, kọ̀, kò lọ síbi iṣẹ́ náà. Wọ́n mú un, àtìmọ́lé ló sì kú sí. Ìjemọ̀ dìde, wọ́n ní àwọn fẹ́ mọ ohun tó pa bàbá. Lóṣù kẹjọ ọdún náà ni àwọn sójà yìnbọn lu àwọn tó péjọ, Olúwo Ìjemọ̀, olórí Ògbóni ibẹ̀, wà lára àwọn tó kú. Kí ọdún tó parí, òmìnira Ẹ̀gbá ti tán, wọ́n ti da ilẹ̀ wọn mọ́ Nàìjíríà. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà ni ogun Adúbí bẹ́ sílẹ̀. Owó orí tuntun wà lára ohun tó fà á, iṣẹ́ ọ̀nà àfipáṣe náà wà níbẹ̀. Àwọn tó jà hú irin reluwé, wọ́n gé wáyà tí ìjọba fi ń ránṣẹ́.

Tí a bá wá kọ ọ́ fún ọmọ iléèwé pé "iṣẹ́ ìlú" ni bàbá yẹn kọ̀ láti ṣe, kí ni ọmọ náà máa gbọ́? Á gbọ́ pé ọ̀lẹ ni bàbá, pé ó sá fún ohun tí gbogbo ọmọlúàbí ń ṣe. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ti dá ẹjọ́ fún òkú tí kò lè rojọ́. Nítorí èyí ni mo ṣe ń bẹ ẹ̀gbọ́n.

Àwọn tó wà láyé nígbà náà fún un lórúkọ tó bá a mu: iṣẹ́ ọba. Àtakò tí mo ti ń retí ni pé "iṣẹ́ ọba" lè da ojú rú, pé olùkàwé á rò pé oko Aláàfin tàbí òrùlé ààfin ni wọ́n ń sọ. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́. Ṣùgbọ́n ẹ ronú sí ohun tí ọ̀rọ̀ náà ń sọ. Ní Èkó, lẹ́yìn tí òyìnbó gba ìlú ní 1861, wọ́n pe John Glover, òyìnbó tó ń ṣàkóso ìlú, ní Ọba Gólóbà, bẹ́ẹ̀ Ọba Dòsùmú ṣì wà láàfin. Àwọn baba wa kò ṣi ọ̀rọ̀ lò. Ẹni tó bá lè pàṣẹ kí ẹ gba ilé yìí lulẹ̀ kí ọ̀nà lè gba ibẹ̀, tí wọ́n sì máa gbà á lulẹ̀ lóòótọ́, ọba ni. Nítorí náà, ọ̀nà rẹ̀ di ọ̀nà ọba, iṣẹ́ rẹ̀ di iṣẹ́ ọba. Ọ̀rọ̀ náà jẹ́rìí pé agbára ti kúrò níbi kan bọ́ síbòmíràn. Tí a bá pa á rẹ́, ẹ̀rí la pa rẹ́ yẹn.

"Amáyédẹrùn" wá ńkọ́? Ọ̀rọ̀ dáadáa ni, mo máa ń lò ó fún ti òde òní. Ṣùgbọ́n ẹ bi àwọn ará Èkó ti 1908 léèrè. Ọdún náà ni Gómìnà Egerton mú ètò omi ẹ̀rọ wá, wọ́n sì ní aráàlú ló máa san owó rẹ̀. Èkó fárígá. Wọ́n ní kànga wà nínú agboolé àwọn, pé àwọn òyìnbó tó fẹ́ ẹ ni kó sanwó ẹ̀. Dókítà John Randle àti Dókítà Orisadipe Obasa dá ẹgbẹ́ People's Union sílẹ̀ lọ́dún yẹn láti fi ta kò ó. Herbert Macaulay náà wà níbẹ̀, ẹni tó kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà ní Plymouth, tó sì ṣe awọnlẹ̀ fún ìjọba títí di 1898 kó tó kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò lè sọ pé kò mọ ohun tí páìpù wà fún. Omi tó ti Ìjú wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn ní 1915, nígbà tí wọ́n sì fẹ́ gba owó rẹ̀ ní 1916, ariwo tún sọ. Omi náà dára, n kò jiyàn. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹni tó ń sọ pé ayé ń dẹrùn, òun ló yẹ kó fi orúkọ yẹn pè é. Aráàlú kò pè é bẹ́ẹ̀. Ohun tí wọ́n fojú rí ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ: ó ń ti ẹnu ẹ̀rọ jáde, ó di omi ẹ̀rọ. Ọkọ̀ ń sáré lórí irin láti Ìdó lọ sí Abẹ́òkúta, títí tó fi wọ Ìbàdàn, ó di ọkọ̀ ojú irin. Òwú àti ẹ̀kùrọ́ sì wà nínú ọ̀pọ̀ wágọ́nù tó ń bọ̀ wá sí Èkó.

Ẹ jẹ́ kí n wá gbe àbúrò wa lẹ́sẹ̀ lórí "iṣẹ́ òde", nítorí ẹnì kan ti sọ pé ọ̀rọ̀ oníròyìn lásán ni, pé kò ní gbòǹgbò. Ó ní gbòǹgbò. Ẹ ṣí Bíbélì tí Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ túmọ̀. Kí ni wọ́n pe Mátíù kí Jésù tó pè é? Agbowó-òde. Ọ̀rọ̀ tó wà nínú Bíbélì òyìnbó níbẹ̀ jáde láti inú ọ̀rọ̀ Látìnì tó ń tọ́ka sí ohun tó jẹ́ ti gbogbo ìlú, "òde" sì ni àwọn baba wọ̀nyẹn fi gbé e. Wọ́n mọ̀ pé òde ni ibi tí kì í ṣe yàrá ẹnì kankan, ibi tí gbogbo wa ti ń pàdé. Òde kò sọ bóyá ọba ló ni iṣẹ́ tàbí ìlú ló ni ín. Ibi tí wọ́n ti ṣe é ló sọ, ó sì dákẹ́. Fún orúkọ iléeṣẹ́, ìdákẹ́ yẹn wúlò púpọ̀. Nítorí náà, "Iléeṣẹ́ Iṣẹ́ Òde" ni mo fọwọ́ sí fún P.W.D., kí lẹ́tà mẹ́ta yẹn sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí akẹ́kọ̀ọ́ lè dá a mọ̀ bó bá bá a pàdé nínú ìwé àtijọ́.

Ọ̀rọ̀ kejì tó dá àríyànjiyàn sílẹ̀ ni ti òṣìṣẹ́ ìmọ́tótó. Ẹ̀gbọ́n kọ "wolé-wolé". Ẹnì kan tún un ṣe sí "wọlé-wọlé", ẹlòmíràn tún un padà. Gírámà kò lè bá wa yanjú èyí. Bí a ṣe sọ pa iná di panápaná, tí a sọ ja ogun di jagunjagun, bẹ́ẹ̀ la ṣe lè sọ wo ilé di wolé-wolé, tí a sì lè sọ wọ ilé di wọlé-wọlé. Méjèèjì tọ̀nà. N ó gbà pé wolé-wolé ni orúkọ iṣẹ́ náà, torí iṣẹ́ tí wọ́n gbà wọ́n sí ni kí wọ́n máa wo ilé.

Ṣùgbọ́n ìyá tó bí ìyá mi, wọlé-wọlé ló ń pè é, n kò sì gbọ́ èkejì lẹ́nu rẹ̀ títí tó fi kú. Ó sọ fún mi pé ìyàwó tuntun lòun nígbà tí ọkùnrin náà dé, ó wọ káńkí, ó sì mú tọ́ọ̀ṣì dání lójú ọ̀sán gangan. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó gba iwájú bàbá ọkọ ìyá kọjá wọ yàrá, ó tan tọ́ọ̀ṣì sísàlẹ̀ ibùsùn, ó ṣí àmù omi, ó tan iná sínú rẹ̀. Ó rí tanwíjí méjì tàbí mẹ́ta tó ń jà nínú omi. Ó fẹsẹ̀ ti àmù náà ṣubú síbi tó wà, omi tí ìyàwó ti jí pọn ní ìdájí ṣàn gba orí ẹní jáde sí ọ̀ọ̀dẹ̀. Ṣílè márùn-ún ni wọ́n ní kí wọ́n san. Nígbà tí ìyá ń sọ ọ́, kò fi bẹ́ẹ̀ dárúkọ ṣílè. Ohun tó ń tún sọ ni pé, "Ó wọlé. Kò kàn wò ó, ó wọ ọ́." Ìyá mọ ìyàtọ̀ láàárín o àti ọ. Tanwíjí ń di ẹ̀fọn, ẹ̀fọn ń fa ibà, ìyá náà mọ̀ ọ́n nígbà tó yá, òun fúnra rẹ̀ ló ń da omi àmù wa nù lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Síbẹ̀ kò yí orúkọ ọkùnrin náà padà.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ méjèèjì. Ẹ kọ pé ìjọba rán an láti wo ilé, àwọn onílé rí i pé ó wọlé. Ẹ má ṣe pe ọ̀kan ní àṣìsọ.

Ẹnì kan tún fa ọ̀rọ̀ tí gbogbo ayé ń sọ yọ, pé a kì í ṣiṣẹ́ ìjọba ká làágùn, ó ní ìyẹn fi hàn pé Yorùbá kò ka iṣẹ́ ìlú sí. Mo kọ̀ jálẹ̀. Ẹ wo ọ̀rọ̀ tó wà láàárín: ìjọba ni. N kò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé a kì í ṣiṣẹ́ ìlú ká làágùn. Ẹni tó bá sọ ọ́ láàárín règbérègbé rẹ̀, kò ní lójú tó máa fi wo ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Ojú ẹni tí wọ́n fi ipá kó lọ sẹ́nu iṣẹ́ tí kò mọ̀dí ni ọ̀rọ̀ yẹn fi wo iṣẹ́, ó kàn bá wa dé ìgbà tí ìjọba ti di tiwa ni.

Irú rẹ̀ ló wà lára "ìjọba ìbílẹ̀", ṣùgbọ́n n kò fẹ́ kó gba àyè púpọ̀. Láti inú Native Authority, orúkọ tí amúnisìn fún ìjọba abẹ́lé tí wọ́n fi sọ́wọ́ àwọn ọba àti ìjòyè, ni "ìbílẹ̀" yẹn ti wá. Ní Ìwọ̀-Oòrùn, òfin 1952 gbé káńsù tí wọ́n dìbò yan èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ọmọ rẹ̀ wọlé, èdè òyìnbó sì ju "native" nù. Èdè tiwa kò jù ú nù. Mo rò pé ká fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, torí lẹ́nu wa, ẹni ìbílẹ̀ kì í ṣe èébú, onílẹ̀ ni. Ká ṣáà sọ ibi tó ti wá fún akẹ́kọ̀ọ́.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí ẹ̀gbọ́n pín ìlà kan yẹn sí mẹ́ta lábẹ́ lẹ́tà I. "Iṣẹ́ ìlú": èyí tí ìlú dá ọjọ́ rẹ̀, tí ìlú ṣe, tí ìlú sì jẹ èrè rẹ̀. "Iṣẹ́ ọba": èyí tí ìjọba amúnisìn pa láṣẹ, yálà wọ́n sanwó fún lébìrà tàbí wọn ò san. "Iṣẹ́ òde": orúkọ iléeṣẹ́ náà, nígbà náà àti nísinsìnyí. Tí ààyè bá ṣì wà lábẹ́ "iṣẹ́ ọba", kí wọ́n fi Ìjemọ̀, 1914, ṣe àpẹẹrẹ.